Gọ́ọ̀fù nínú Pálọ̀ ní Àjàṣẹ́: Oṣù Mẹ́fà Pẹ̀lú Ọ̀pá Onísẹ́ńsọ̀

Ó pé oṣù mẹ́fà báyìí tí mo ti ń gbá gọ́ọ̀fù nínú pálọ̀ ilé mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin), láìsí koríko, láìsí ihò, láìsí bọ́ọ̀lù pàápàá. Ohun tí mo ń lò ni ọ̀pá kúkúrú kan tí a fi rọ́bà wé níbi ìdìmú, tí irin wíwúwo díẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, èyí tí a máa ń lọ́ mọ́ orí ìdìmú náà. Bí mo bá ti fì ọ̀pá yìí, sẹ́ńsọ̀ yóò fi ohun tí ọwọ́ mi ṣe ránṣẹ́ sí fóònù nípasẹ̀ Bluetooth, fóònù yóò ṣírò rẹ̀, n ó sì rí bọ́ọ̀lù funfun kan lójú tẹlifíṣọ̀n tí ó ń fò lọ lórí pápá tí a yà sínú ẹ̀rọ. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí nídìí rẹ̀ fún àwọn tí ó ń rò ó láti rà á, pàápàá àwa tí pápá gọ́ọ̀fù kò sí ní tòsí wa, nítorí pé ẹni tí ó ní gbọ̀ngàn ńlá, iná tí kì í lọ àti pápá tòótọ́ ní ìtòsí ilé rẹ̀ ni àwọn olùtajà ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń polówó ọjà yìí.

N kì í ṣe ọ̀jẹ̀ nínú eré náà. Èkó ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, tí ọ̀gá mi kan sì máa ń mú mi lọ sí Ikoyi Club 1938, níbi tí pápá oníhò 18 wà láàárín ìlú. Handicap mi nígbà tí mo padà sílé jẹ́ 26. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, lórí pápá tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá yóò fi ìgbà 72 parí, èmi a máa gbá bọ́ọ̀lù tó nǹkan bí ìgbà 98, bí ọjọ́ bá dára. Ìlànà handicap àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020 gba ènìyàn láàyè títí dé 54, nítorí náà n kò sí ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti padà sí Àjàṣẹ́, kí n tó gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, mo ní láti kọjá ẹnubodè Kràkè ní Sẹ̀mẹ́, kí n fara da súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Àgbádárìgì, kí n sì wá ibi tí n ó sùn sí. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù méjì tàbí mẹ́ta ni agbára mi ká. Ohun tí ó gbé mi dé ìdí ọ̀pá yìí nìyẹn.

Owó rẹ̀ jẹ́ 250 yúrò ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí àbúrò mi obìnrin ti bá mi rà á. Nítorí pé iye tí a ń ṣẹ́ yúrò sí sẹ́fà kì í yí padà, tí ó jẹ́ 655.957 fún yúrò kan, ó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 164 sẹ́fà kí a tó sọ̀rọ̀ owó ẹrù. Ìyàwó mi kò tíì dákẹ́ lórí fìríìjì tí owó náà ì bá rà. Nínú páálí ni mo ti bá ọ̀pá, sẹ́ńsọ̀, okùn tí a fi ń gba iná sí i, ìdè kan tí a lè fi so sẹ́ńsọ̀ mọ́ ọ̀pá gọ́ọ̀fù gidi, àti ìwé ìtọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Títò ó kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Yáàdì ni ó fi ń wọn ọ̀nà nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí i, yáàdì kan kò sì tó mítà kan, nítorí sẹ̀ǹtímítà 91.44 ni, kí ẹni tí ó bá fẹ́ràn mítà bíi tèmi tètè yí i padà, kí ó má baà máa rò pé agbára òun ti pọ̀ sí i lóru ọjọ́ kan.

Inú sẹ́ńsọ̀ yìí ni irinṣẹ́ mẹ́ta wà. Ọ̀kan ń wọn bí eré ọ̀pá ṣe ń pọ̀ sí i tàbí tí ó ń dín kù, èkejì ń wọn bí ó ṣe ń yí, ẹ̀kẹta sì ń mọ ibi tí òòfà ilẹ̀ ayé kọjú sí gẹ́gẹ́ bí kọ́ńpáàsì atukọ̀. Kò ní ojú. Kò rí bọ́ọ̀lù, kò rí ẹsẹ̀ mi, kò sì mọ̀ bóyá mo wà lórí ìdúró tàbí lórí ìjókòó; bí ọ̀pá ṣe rìn nínú afẹ́fẹ́ nìkan ni ó mọ̀, láti inú rẹ̀ ni ó sì ti ń méfò ohun tí bọ́ọ̀lù ì bá ṣe ká ní bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀.

Irinṣẹ́ kẹta yẹn ni ó kọ́kọ́ dà mí láàmú. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo bọ́ọ̀lù mi ni ó ń lọ sí apá òsì, bí ó ti wù kí n fì ọ̀pá tààrà tó, àyàfi ní ọ̀sán Sátidé nígbà tí ohun gbogbo a tún tọ́. Mo kà á sí àṣìṣe ara mi, títí mo fi ṣàkíyèsí pé ìta ni alùpùpù mi máa ń wà lọ́sàn-án, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, a ó tì í wọ pálọ̀ nítorí olè, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe. Irin tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ó ń ṣi sẹ́ńsọ̀ lọ́nà. Láti ìgbà tí mo ti ń tì í lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, tí mo sì ń jìnnà díẹ̀ sí fèrèsé onírin, àìsàn náà ti lọ. Gbólóhùn kan péré ni ìwé ìtọ́ni sọ nípa rẹ̀, ní ojú ewé tí ó kẹ́yìn. Ó tún yẹ kí a máa gbé ọ̀pá náà kalẹ̀ láìmì fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lẹ́yìn bí ìgbà mẹ́wàá tí a bá ti fì í, kí ó lè padà mọ ibi tí iwájú wà, nítorí pé àṣìṣe kéékèèké a máa gbára jọ nínú ìṣírò rẹ̀ bí omi ṣe ń gbára jọ sínú ọkọ̀ tí ó ń jò lórí ọ̀sà.

Ní ti àyè, ọ̀pá kúkúrú náà rọrùn. Ọ̀pá gọ́ọ̀fù gidi lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 121.9 kí òfin tó sọ pé ó ti pọ̀ jù, pálọ̀ tí yóò gba ẹni tí ó ń fi irú rẹ̀ tayọ orí kò sì wọ́pọ̀. Èyí tí mo rà kò ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Mo fi ojú ara mi rí ìyàtọ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí mo fi ìdè so sẹ́ńsọ̀ mọ́ ọ̀pá gidi mi, tí mo sì gbé e sókè láìranti fáànù òkè àjà. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Èmi kò wò ó, apá fáànù kan sì wà ní títẹ̀ títí di òní.

Ohun tí ẹ̀rọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ ni kíkọ́ni ní ìwọ̀n ìyára. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì tí ó dé, ìyá àgbà tí wọ́n ń gbé yàrá iwájú ní agboolé wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé oko lò ń ṣán nínú ilé ni?” Mo ní, “Eré ni, Màmá.” Wọ́n ní, “Eré tàbí oko, ọwọ́ rẹ ń kánjú. Àdá là ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́.” Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ohun kan náà ni ẹ̀rọ sọ fún mi ní ọ̀la rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé iye ni ó fi sọ tirẹ̀. Ó máa ń fi àkókò méjì hàn: èyí tí a fi gbé ọ̀pá sẹ́yìn, àti èyí tí a fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé ibi tí bọ́ọ̀lù yẹ kí ó wà. Lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, ti àkọ́kọ́ sábà máa ń tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì. Tèmi jẹ́ 0.70 ìṣẹ́jú àáyá sí 0.35, ìyẹn ìlọ́po méjì péré. N kì í parí gbígbé ọ̀pá sẹ́yìn kí n tó máa já a bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì, ẹ̀ta lábẹ́ ẹnu bí mo ti ń gbé e lọ, kí n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó di 0.81 sí 0.28. Kò sí olùkọ́ tí ìbá dúró tì mí lóròòru fún ọgọ́ta ọjọ́ kí ó máa ka irú iye bẹ́ẹ̀ fún mi, bí ó bá sì wà, n kò lè san owó rẹ̀.

Èkejì tí ó ṣe mí lóore ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí ń yà sí ọ̀tún, tí àwọn olùgbá gọ́ọ̀fù ń pè ní slice. Fún ọdún púpọ̀ ni mo ti fi ń wò ó sàn nípa kíkọjú sí òsì, oògùn yẹn gan-an ni ó sì ń bọ́ àrùn náà. Ibi tí ojú irin ọ̀pá kọjú sí nígbà tí ó kan bọ́ọ̀lù ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ forí lé. Bí ojú irin náà kò bá sì bá ọ̀nà tí ọ̀pá gbà wọlé mu, bọ́ọ̀lù yóò yí lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ náà fi hàn mí pé ọ̀pá mi ń ti ìta bọ̀, ó ń gé lọ sí òsì ní dígírì 7, nígbà tí ojú irin ṣí sí ọ̀tún ní dígírì 2. Àlàfo dígírì 9 yẹn ni ó ti ń kó bọ́ọ̀lù mi wọ abẹ́ igi ní Ìkòyí láti ọdún wọ̀nyí. Ẹnikẹ́ni kò fi yé mí bẹ́ẹ̀ rí. “Ọ̀gá, ẹ má wo òkè” ni gbogbo àwọn kádì, àwọn tí ń bá olùgbá gbé àpò ọ̀pá, máa ń sọ.

Ibi tí ẹjọ́ wà wàyí ni pé ẹ̀rọ yìí a máa yin ènìyàn ju bí ó ti yẹ lọ, bí onílù tí ó rí aláṣọ àrán lóde ìnáwó. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo dúró dáadáa, mo fì ọ̀pá bí mo ti kọ́ ọ, ó ní bọ́ọ̀lù mi lọ mítà 181. Ìfura mú mi. Mo jókòó sórí àga, mo fi ọrùn ọwọ́ nìkan gbọ̀n ọ̀pá náà bí ẹni tí ó ń lé eṣinṣin, ó ní mítà 187. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní agboolé wa, tí kò tíì fojú kan pápá gọ́ọ̀fù rí, gbá mítà 204 ní ìgbà àkọ́kọ́, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá eré náà nìyẹn. Bí ìdìmú ṣe yára yí ni sẹ́ńsọ̀ ń kà, ó sì ń ṣe bí ẹni pé ọ̀pá gígùn kan ni ó so mọ́ ọn, pé orí ọ̀pá náà sì bá bọ́ọ̀lù ní àárín gbùngbùn nígbà gbogbo. Bọ́ọ̀lù tòótọ́ kò ju nǹkan bí mílímítà 43 lọ ní fífẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣì í gbá ní ìwọ̀n ìka kan péré yóò mọ̀ ọ́n títí dé èjìká. Nínú pálọ̀ mi, kò sí ẹni tí ó ń ṣì í gbá. Nítorí náà ni mo ṣe parí ihò 18 inú ẹ̀rọ ní 79, ohun tí n kò tíì ṣe rí lórí ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá, tí n kò sì rò pé n ó ṣe láéláé.

Pọ́tà, ọ̀pá tí a fi ń rọra yí bọ́ọ̀lù wọ ihò, ni ó burú jù. Ìfì rẹ̀ kéré, ó sì lọ́ra, sẹ́ńsọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tí yóò gbé bọ́ọ̀lù lọ mítà 2 àti èyí tí yóò gbé e lọ mítà 4. Mo ti pa á, mo sì ní kí ẹ̀rọ máa bá mi parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú 72 tí a fi ń díwọ̀n pápá, a ka ìgbà méjì méjì tí a fi pọ́tà gbá bọ́ọ̀lù sí ihò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 36, tí í ṣe ìlàjì eré. Ẹni tí ó bá ra ọ̀pá yìí kí ó mọ̀ pé ìlàjì gọ́ọ̀fù kò sí nínú páálí náà. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń gbá bọ́ọ̀lù gidi lọ sínú ife onípáálí lórí kápẹ́ẹ̀tì. Kò ná mi ní kọ́bọ̀, ó sì wúlò ju ti ẹ̀rọ lọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo lọ sí Èkó láti lọ dán ara mi wò. Níbi ìdánrawò, mo san owó bọ́ọ̀lù 50. Ojú tì mí ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́: orí bọ́ọ̀lù ni mo ń gé, ó sì ń yí lọ nílẹ̀ bí ọsàn tí ó já bọ́ lórí atẹ. Ó yé mi níkẹyìn pé ọ̀pá inú ilé kò gùn ju ara rẹ̀ lọ, yálà ẹ̀rọ ń pè é ní dráífà, èyí tí ó gùn jù, tàbí ó ń pè é ní wẹ́ẹ̀jì, èyí tí ó kúrú, nígbà tí ọ̀pá gidi ń gùn láti nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 90 dé 115, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní bí a ti í bẹ̀rẹ̀ sí i. Ara mi ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo rántí rẹ̀, nǹkan yí padà. Pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù 7, ọ̀pá olórí irin tí kò gùn jù tí kò sì kúrú jù, mítà 125 ni bọ́ọ̀lù mi ń lọ, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ti ń bá mi sọ 148 láti oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nínú ogún bọ́ọ̀lù tí ó kẹ́yìn, mẹ́fà péré ni ó yà sí ọ̀tún, tẹ́lẹ̀ rí, ó máa ń ju ìlàjì lọ. Ní ọ̀la rẹ̀, mo gbá ihò 18 ní 97. Ní ìgbà tí mo lọ ṣáájú ìyẹn, 103 ni. Kádì tí ó gbé àpò mi, tí ó ti mọ̀ mí láti ọdún pípẹ́, wò mí níhò karùn-ún, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ò kánjú mọ́.” Mo rántí ìyá àgbà.

Bí mo ti padà dé, mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé ẹbí wa àtijọ́, ọ̀kan nínú àwọn ilé Àgùdà tí ó ṣì dúró ní Àjàṣẹ́, tí òkè àjà rẹ̀ ga dáadáa, tí kò sì sí fáànù. Níbẹ̀ ni mo ti ń lo ìdè náà, tí mo ń so sẹ́ńsọ̀ mọ́ áyọ́ọ̀nù 7 gidi, tí mo sì ń fì í láìgbá bọ́ọ̀lù. Iye tí ẹ̀rọ ń fún mi dín kù, ó sì súnmọ́ òtítọ́ díẹ̀, nítorí pé a kò lè fi ọrùn ọwọ́ gbọ̀n ọ̀pá tí ó wúwo bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí ó ní àyè ni pé ibẹ̀ gan-an ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó fi ọ̀pá kúkúrú sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Iná tí ó ń lọ kò pa á lára púpọ̀, nítorí pé bátìrì sẹ́ńsọ̀ a máa gbà tó wákàtí mẹ́fà, fóònù nìkan sì tó láti wò ó bí tẹlifíṣọ̀n bá kú. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀tá rẹ̀. Ètò náà kì í ṣí bí kò bá tíì rí ojú òpó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pápá tí mo fẹ́ lò ti wà nínú fóònù mi, èyí tí n kò rí ìdí kankan fún. Bí a bá sì gbé àwòrán láti fóònù sí tẹlifíṣọ̀n láìlo okùn, yóò pẹ́ lẹ́yìn ọwọ́ ènìyàn. Mo fì ọ̀pá tán, mo ti sọ ọwọ́ kalẹ̀, kí bọ́ọ̀lù tó gbéra. Okùn HDMI ni ó yanjú ìyẹn. Pápá márùn-ún ni ó wà lọ́fẹ̀ẹ́, ìyókù ń béèrè owó ọdọọdún, káàdì báńkì mi kò sì kọjá ní ìgbà mẹ́ta. Mo kọ̀wé sí àwọn tí ó ṣe ọjà náà. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ìdáhùn fi wá, ohun tí wọ́n sì sọ ni pé kí n pa ètò náà kí n tún un ṣí. Àbúrò mi ni ó padà bá mi san án láti Paris.

Àwọn irú mìíràn wà. Àwọn kan jẹ́ ẹní tí a ń dúró lé lórí, tí ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí wà nínú rẹ̀, tí ó ń ka bí orí ọ̀pá gidi ṣe kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n lè mọ̀ bóyá a bá bọ́ọ̀lù ní àárín tàbí ní ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń fẹ́ òkè àjà gíga. Àwọn tí ó lo rédà, bíi TrackMan tí wọ́n ń ṣe ní Denmark, ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, òdodo sì ni wọ́n ń sọ, àmọ́ owó ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn ògbóǹtarìgì ń lò lè ra mọ́tò. Ẹni tí kò tíì gbá gọ́ọ̀fù rí kò gbọdọ̀ fi tèmi yìí bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ yóò sọ fún un pé ó mọ̀ ọ́n, kò sì ní sí ẹni tí yóò já ẹ̀rọ nírọ́. Ẹni tí ó ti gbá a rí, tí ó jìnnà sí pápá, tí ó sì mọ iye tí bọ́ọ̀lù òun ń lọ gan-an, òun ni mo rò pé owó rẹ̀ kò ní ṣòfò.

Ọkùnrin kan láti Kétu gbọ́ pé mo ní in, ó sì ti fẹ́ san ẹgbẹ̀rún 100 sẹ́fà lé e. N kò tà á. Mo ní kí ó wá lo Sátidé méjì pẹ̀lú rẹ̀ ní ilé Àgùdà ná, kí ó mú áyọ́ọ̀nù 7 tirẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì gbé alùpùpù rẹ̀ sí ìta.